Ìrànlọ́wọ́ Tí Ń Wọlé Tọ Aláàbọ̀ Ara

Ẹni tí ó bá gba àwọn títì ńlá Niamey kọjá ní òwúrọ̀, kí ó tó dé orí afárá Kennedy tí a fi ń sọdá Odò Ọya, kò ní ṣàì rí ohun kan tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú náà. Yóò rí afọ́jú kan tí ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọdé, tàbí tí ọmọ náà di orí ọ̀pá rẹ̀ mú, tí àwọn méjèèjì ń ti ìdí ọkọ̀ kan bọ́ sí ìdí èkejì, tí wọ́n ń tọrọ àánú. Àwọn tí ń kọjá a máa ju owó wẹ́wẹ́ sínú igbá wọn, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Àánú afọ́jú náà ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni ó bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń fà á? Agogo ilé-ìwé ti lù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó níwájú olùkọ́, òun kò sì lè lọ, nítorí òun ni ojú fún ẹni tí ó bí i. Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ó fọ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni kò rí ọ̀nà iwájú.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí àti bàbá rẹ̀ ni ó fa ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. Bí ìjọba bá fẹ́ ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, níbo ni ó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ náà ti bá a? Ṣé ní ọ́fíìsì ni, ṣé ní ilé ìwòsàn ńlá ni, àbí nínú ilé tí ó ń gbé, láàárín àwọn ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìjọba ayé ti fọwọ́ sí ni pé inú ilé rẹ̀ ni, àti pé àpò ìlú ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá. Niamey sì jẹ́ ibi tí a ti lè rí i kedere bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn láti fẹnu sọ tó, àti bí ó ti ṣòro láti fọwọ́ ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń gbà tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Ọ̀nà kìíní ni láti kó irú wọn jọ sí ilé ńlá kan, kí a fi odi yí wọn ká, kí a sì máa fún wọn ní oúnjẹ àti oògùn. Ọ̀nà kejì ni láti fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdílé wọn àti fún àánú àwọn tí ń kọjá lọ. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a ń wí yìí: kí aláàbọ̀ ara máa gbé nínú ilé rẹ̀, kí ẹni tí a kọ́ níṣẹ́, tí ìlú ń sanwó fún, sì máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Òmíràn lára wọn yóò bá a wẹ̀, yóò bá a wọṣọ. Òmíràn yóò kọ́ ọ bí yóò ti máa rìn, bí yóò ti máa sọ̀rọ̀, bí yóò ti máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, owó díẹ̀ ni a ó máa fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, kí onítọ̀hún má bàa tìtorí rẹ̀ fi òwò rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti mọ ọ̀nà kẹta yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Iowa, a bí ọmọbìnrin kan ní 1978 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Katie Beckett. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí àrùn kan fi kọlu ọpọlọ rẹ̀, tí ó sì di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí. Nígbà tí ó di bí ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn dókítà ní ó lè máa lọ sílé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ètò ìlera ìjọba tí a ń pè ní Medicaid kọ̀ jálẹ̀. Bí ọmọ náà bá wà ní ilé ìwòsàn, ìjọba yóò san gbogbo owó rẹ̀. Bí ó bá lọ sílé, níbi tí ìtọ́jú ti dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìjọba kò ní san án mọ́. Ní oṣù kọkànlá 1981, Ààrẹ Ronald Reagan fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí níwájú àwọn oníròyìn, ó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bójú mu. Kí ọdún náà tó parí, Katie ti wà nílé àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé, ó dàgbà, ó di ẹni tí ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí ó fi kú ní 2012.

Láti ọdún 1981 kan náà ni òfin ti gba àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà láyè láti máa fi owó ètò náà tọ́jú ènìyàn nílé. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ àwọn obìnrin méjì kan láti ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn dókítà ti sọ pé wọ́n lè gbé láàárín ìlú, síbẹ̀ inú ilé ìwòsàn ni a ṣì há wọn mọ́. Ilé-ẹjọ́ náà ní ìyàsọ́tọ̀ tí kò tọ́ ni láti há ẹni tí ó lè gbé láàárín àwùjọ mọ́ inú ilé ìtọ́jú láìnídìí. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ó di 2013 kí owó tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú ilé àti àdúgbò tó ju èyí tí wọ́n ń ná sórí àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn lọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ń rìn padà láti ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ṣì gbà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí kò tíì kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò ní láti náwó kọ́ ọ, kí ó tún wá náwó wó o.

Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ronú sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìpàdé ńlá Alma-Ata ní 1978. Wọ́n rí i pé bí a bá ń dúró de dókítà àti ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀pọ̀ aláàbọ̀ ara ni yóò kú láìfojú kan ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ètò kan sílẹ̀ tí ó gbára lé ará àdúgbò fúnra wọn, wọ́n sì tẹ ìwé ìkọ́ni rẹ̀ jáde ní 1989. Ní oṣù kẹwàá 2010, ní Abuja, olú-ìlú Nàìjíríà, ni wọ́n ti gbé ìlànà tuntun jáde fún ètò kan náà.

Báwo ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ? A ó yan ọkùnrin tàbí obìnrin kan ní àdúgbò, ẹni tí ó mọ èdè ibẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì fọkàn tán. A ó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Bí ó bá bá ọmọ kan tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí, tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, yóò kọ́ ìyá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sódì. Yóò sì ní kí káfíńtà àdúgbò kan àga kékeré kan tí yóò gbé ẹ̀yìn ọmọ náà dúró. Bí ó bá bá ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ti rọ, yóò ri òpó igi méjì méjì mọ́lẹ̀ sí àgbàlá, yóò fi ọ̀pá gígùn méjì dábùú wọn lọ́gbọọgba, kí onítọ̀hún lè máa dì wọ́n mú kọ́ ìrìn láràárọ̀. Bí ó bá bá ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní, yóò sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má bàa dá sí i lára. Bí afọ́jú ni, okùn kan láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìyàgbẹ́, àti ọ̀pá tí a kọ́ ọ bí a ti ń lò ó, lè tú ọmọdé kan sílẹ̀ kí ó máa lọ sí ilé-ìwé. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ká ni yóò darí sí ilé ìwòsàn.

Ẹ ó rí i pé kò sí idán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ẹni tí yóò wá, tí yóò tún padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, tí ẹnì kan yóò sì san owó oṣù rẹ̀. Níbi owó oṣù yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di èrò.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Niamey. Ní ti òfin, kò sí ẹni tí ó lè bá orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r wí. Láti oṣù kẹta 1993 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé òfin kan jáde lórí ààbò àwọn aláàbọ̀ ara. Ní oṣù kẹfà 2008, Nìjẹ̀r fọwọ́ sí Àdéhùn Àgbáyé Lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláàbọ̀ Ara, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní oṣù kejìlá 2006. Ìpín 19 àdéhùn náà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí yóò máa gbé àti ẹni tí yóò máa bá gbé, àti láti rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú ilé àti ní àdúgbò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2019, Nìjẹ̀r tún ṣe òfin mìíràn tí ó bá àdéhùn yìí mu. Àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn kò sì jókòó tẹtẹrẹ: àwọn afọ́jú, àwọn adití àti àwọn arọ ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì para pọ̀ di àpapọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ń bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tí òfin ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin Nìjẹ̀r wí pé kí á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ipò iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun tí ó dára ni. Ẹni tí ó ti kàwé, tí ó ti ní kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, tí ó lè jáde nílé, lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ta ni yóò sọ èyí fún obìnrin tí ó wà nínú yàrá kan ní Boukoki tàbí ní Talladjé, tí kò tíì rékọjá ẹnu ọ̀nà láti ọdún mélòó kan? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ní Hôpital National de Niamey, ibi iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti irin tí ń gbé ẹsẹ̀ ró. Ẹni tí ń gbé òdì-kejì odò yóò wá ọkọ̀, yóò wá ẹni tí yóò gbé e, yóò sì sọdá afárá. Nígbà òjò, omi a dí ọ̀nà. Nígbà ẹ̀rùn, iyanrìn a gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mì. Ẹni tí ń gbé Diffa wá ńkọ́, tí ìlú rẹ̀ fi ohun tí ó ju 1,300 kìlómítà lọ jìnnà sí Niamey? Ọmọdé a sì máa dàgbà. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ó bá a mu lọ́dún yìí yóò ti há a lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ìdí ìkòkò ni ẹsẹ̀ náà yóò máa gbé.

Ìṣòro kejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú owó tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ẹgbẹ́ Alágbèlébùú Pupa ti Àgbáyé wà lára àwọn tí ń ran iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lọ́wọ́ ní Niamey. Ní oṣù keje 2023, àwọn ológun gbàjọba, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì dá púpọ̀ nínú owó ìrànwọ́ wọn dúró. Ní 2025, ìjọba Nìjẹ̀r ní kí Ẹgbẹ́ Alágbèlébùú Pupa ti Àgbáyé ti àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ pa, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti òkèèrè wá sì kúrò ní ìlú. A kò jókòó láti dá ẹjọ́ ta ni ó jàre nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé kò sí ní ibi tí wọ́n ti ń jà, síbẹ̀ òun ni ó lè pàdánù níbẹ̀. Ẹrù tí ó jẹ́ ti ojoojúmọ́ kò yẹ kí ó wà lórí àlejò, nítorí àlejò lè lọ nígbàkigbà. Aṣọ tí a yá wọ̀ kì í tuni lára bí aṣọ ẹni.

Ǹjẹ́ Nìjẹ̀r lè ṣe é? Àwọn kan yóò wí pé orílẹ̀-èdè tálákà ni, kí ó kọ́kọ́ wá oúnjẹ ná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣe. Ní oṣù kìíní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nìjẹ̀r ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó ti dá ìtànkálẹ̀ àrùn afọ́jú ẹ̀bá odò dúró, àrùn tí eṣinṣin kéékèèké ń gbé kiri létí omi. Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn pa ìdin eṣinṣin náà nínú odò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2008 títí di 2019, wọ́n sì pín oògùn tí wọ́n fi ń gbógun ti jàbùtẹ̀, tí ó jẹ́ pé ó ń bá àrùn afọ́jú náà jà pẹ̀lú. Ọwọ́ àwọn ará àdúgbò ni oògùn bẹ́ẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Láti bí ọdún 2000, nígbà ìjọba Ààrẹ Mamadou Tandja, ni wọ́n tún ti kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké púpọ̀ sí àwọn abúlé, tí wọ́n fi òṣìṣẹ́ ìlera kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Láti 2011, pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san sẹ́fà 10,000 lóṣooṣù fún àwọn ìdílé tálákà kan fún oṣù mẹ́rìnlélógún, àwọn obìnrin ni wọ́n sì sábà ń fi owó náà lé lọ́wọ́.

Kí ni gbogbo èyí fi hàn? Ó fi hàn pé ọ̀nà ti là. Bí oògùn bá lè wọ agbo ilé, tí owó náà lè wọ agbo ilé, ẹni tí yóò kọ́ afọ́jú bí a ti ń lo ọ̀pá lè gba ọ̀nà kan náà wọlé. Dídènà àrùn ṣeyebíye, ṣùgbọ́n kì í la ojú ẹni tí ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí àrùn náà ti sọ di afọ́jú kí ìṣẹ́gun tó dé ṣì wà láàyè, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ sì ń fà wọ́n kiri.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹbí ni ó ni aláàbọ̀ ara, kí ni ti ìjọba níbẹ̀? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe abuké, arọ àti àfín, wọ́n sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Niamey, tí ó jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, sàká àti ìtọrẹ àánú kò wọ́n. A kò sọ pé kí ẹbí ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹbí náà ń rẹ̀. Obìnrin tí ó ń gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò lè rìn sẹ́yìn kò lè lọ ná ọjà. Bí ó bá fi ọjà sílẹ̀, ebi yóò wọlé; bí ó bá lọ sí ọjà, ọmọ náà yóò wà nínú yàrá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà mọ èyí. Yàtọ̀ sí owó tí ìjọba ibẹ̀ ń san fún aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀, ó tún ń san àfikún fún ẹni tí kò lè ṣe láìsí olùtọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó náà kò tó sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn pé ìlú mọ̀ pé iṣẹ́ ni olùtọ́jú ń ṣe.

Ẹ̀rù kan ṣì wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Owó tí a bá pín ní orúkọ aláàbọ̀ ara lè bọ́ sápò ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, orúkọ ẹni tí kò sí láyé sì lè wà nínú ìwé. Ohun tí ó lè dènà èyí ni kí á máa ka orúkọ àwọn tí ń gbà á ní gbangba, níwájú baálẹ̀ àti ará àdúgbò, kí àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara sì ní ọmọ nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣírò owó. Òṣìṣẹ́ tí a bá rán sí ilé ènìyàn kò sì gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá níbẹ̀. Aláàbọ̀ ara ni ó ni ilé; òun ni yóò sọ ìgbà tí ó fẹ́ wẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ jẹ.

Bí a bá ń sọ ti Niamey, kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò nìkan ni. Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ayé àwọn Faransé, odò tí ó ń ṣàn kọjá níbẹ̀ sì ni ó ń ṣàn dé Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Nàìjíríà pàápàá fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní oṣù kìíní 2019, ní ọdún kan náà tí Nìjẹ̀r ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ìbéèrè kan náà ni ó dojú kọ gbogbo wọn: nínú owó tí a yà sọ́tọ̀, èló ni ó ń kọjá ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì dé ẹnu ọ̀nà ilé?

Àwọn àgbà a máa wí pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í lé eṣinṣin fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run sábà fi ń ṣe é, ọwọ́ náà sì gbọdọ̀ wà nítòsí kí ó tó lè lé eṣinṣin. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan tí ìlú ń sanwó fún bá wọ ilé afọ́jú yẹn ní Niamey, tí ó fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, tí ó sì kọ́ ọ títí ó fi lè dá rìn dé mọ́sálásí àti ọjà, ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ yóò gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká. A ó sì mọ̀ nígbà náà pé òfin ti kúrò lórí ìwé, ó ti wọlé.